ALÁRINÀ DÁTÀ ÀTI ÌDÁNWÒ RẸ̀: ÌTÀN ÀYẸ̀WÒ ALÁDÀÁṢE LÁTI 1980 DÉ 2023

1.0 Ìfáàrà

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ètò kọ̀ǹpútà kan, tí ó sì ń tọ́jú ìṣirò owó rẹ̀ sínú òmíràn, ètò kẹta gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa gba dátà lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, tí yóò sì máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ti ìkejì. Ètò kẹta yìí ni iṣẹ́ yìí pè ní alárinà dátà. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé bí alárinà ìgbéyàwó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé ọkọ dé ilé ìyàwó ni òun náà ṣe ń gbé dátà láàrin ètò méjì tí kò mọ ara wọn. Àwọn alárinà kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ jọ ń lò. Àwọn mìíràn wà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe fún ìlò ara rẹ̀. Irú kejì yìí ni iṣẹ́ yìí pè ní alárinà àkànṣe, òun ni ìdánwò rẹ̀ sì ṣòro jù, fún ìdí tí yóò hàn ní ìpín 6.0.

Ìdánwò aládàáṣe ni ti ètò kan tí wọ́n kọ kí ó lè máa yẹ ètò mìíràn wò. Yóò bi í ní ìbéèrè, yóò fi ìdáhùn rẹ̀ wé ìdáhùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò sì kéde bí méjèèjì kò bá dọ́gba. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wà láti dín làálàá àti ìnáwó kù. Èrò náà kò lòdì, ṣùgbọ́n kò kárí. Ìtàn ìdánwò alárinà fi hàn pé ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ ju làálàá lọ: àdéhùn tí ẹgbẹ́ méjì kọ sínú ìwé kì í pa ara rẹ̀ mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bi í léèrè lójoojúmọ́. Ìtàn yìí kan náà fi ohun kejì hàn tí ó wúwo ju ti ìṣáájú lọ, èyí ni pé àṣìṣe ìrísí a máa pariwo, ṣùgbọ́n àṣìṣe ìtumọ̀ a máa dákẹ́. Àwọn ìpín tí ó tẹ̀ lé èyí yóò tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì láti àwọn ọdún ARPANET títí dé àkókò tí ó sún mọ́ tiwa.

2.0 Ìdánwò Ojúkojú, 1980 sí 1987

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà tí irú wọn kò bára mu. TCP ni wọ́n pe ìlànà náà. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ ètò TCP tirẹ̀ fún ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá dìde ni bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe mọ̀ pé ètò tí òun kọ tọ̀nà, nígbà tí ìlànà náà fúnra rẹ̀ kò tí ì dúró sójú kan.

Jon Postel, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Information Sciences Institute ti Yunifásítì Southern California, ṣe àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ náà nínú RFC 1025, tí ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987. Ó ṣàlàyé pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n kó ètò wọn pàdé ti àwọn ẹlòmíràn, kí wọ́n dán wọn wò pọ̀, kí wọ́n sì jiyàn lórí ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀. Àbájáde iyàn náà lè yí ètò ẹnì kan padà, ó sì lè yí ìlànà fúnra rẹ̀ padà. Wọ́n pe ìpàdé wọ̀nyí ní Bake Off, orúkọ tí wọ́n yá láti inú ìdíje àwọn tí ń yan àkàrà òyìnbó.

Wọ́n máa ń fún àwọn olùkópa ní máàkì, bí wọ́n ṣe pín máàkì náà sì yẹ fún àkíyèsí. Máàkì díẹ̀ ni ó wà fún ètò tí ó bá lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí tí ó bá lè bá ètò ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí èyí ṣe kedere: ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kì í ṣi ara rẹ̀ gbọ́. Bí òǹkọ̀wé ètò kan bá lóye ìlànà lódì, òdì kan náà ni yóò fi ránṣẹ́, òdì kan náà ni yóò sì fi gbà á, gbogbo rẹ̀ yóò sì dà bí ẹni pé ó tọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ARPANET kúrò lórí ìlànà àtijọ́ bọ́ sórí TCP/IP, àwọn ètò tí wọ́n ti fi wé ara wọn lọ́nà báyìí ni wọ́n gbára lé.

Postel kan náà ni ó gbé ìmọ̀ràn kan kalẹ̀ nínú RFC 761, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1980: kí ètò má ṣe kọjá àlà nínú ohun tí ó ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó lawọ́ nínú ohun tí ó ń gbà. Àwọn Yorùbá ní òwe tí ó sún mọ́ èrò yìí, pé bí wọ́n bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tí ó gbọ́n a máa tún ọ̀rọ̀ ṣe kí ó tó fi jíṣẹ́. Ìmọ̀ràn náà mú kí ọ̀pọ̀ ètò lè bára wọn sọ̀rọ̀ ní àkókò tí ìlànà ṣì rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn tirẹ̀. Ìránṣẹ́ tí ń tún àṣìṣe ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó rán an mọ̀ pé òun ti ṣì í sọ. Ní ọdún 2023, RFC 9413 sọ ọ́ gbangba pé ìlawọ́ irú èyí lè sọ àṣìṣe di ìlànà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ó gba ọdún mẹ́tàlélógójì kí ọ̀rọ̀ náà tó yí bírí báyìí.

3.0 Ìdánwò Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹ̀rọ, 1994 sí 2000

Àbùkù ìdánwò ojúkojú ni pé ó ń fẹ́ ìpéjọ ènìyàn. Bí ìpàdé bá ti tú, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ohun tí yóò yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kan wá láti ibòmíràn. Ní ọdún 1994, Kent Beck tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn tí ń lo èdè kọ̀ǹpútà Smalltalk ṣe lè máa kọ ìdánwò ètò wọn ní èdè kan náà tí wọ́n fi kọ ètò ọ̀hún. Ní ọdún 1997, nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń lọ láti Zürich sí Atlanta, òun àti Erich Gamma gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún èdè Java. JUnit ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èdè kọ̀ǹpútà ti ní irú rẹ̀ tiwọn.

Àǹfààní tí ó mú wá kò kéré. Ohun tí òǹkọ̀wé ètò ń rántí nìkan tẹ́lẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ ń rántí. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ètò náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ìbéèrè àtijọ́ yóò tún jáde, wọn yóò sì béèrè ìdáhùn wọn. Ṣùgbọ́n inú ètò kan ṣoṣo ni ìdánwò náà ń wò. Bí ètò náà bá ní láti bá òmíràn sọ̀rọ̀, ẹni kejì náà kì í sí níbi ìdánwò. Ní ọdún 2000, Tim Mackinnon, Steve Freeman àti Philip Craig ṣàlàyé bí òǹkọ̀wé ṣe lè fi arọ́pò dí àlàfo náà. Arọ́pò ni ètò kékeré tí yóò dúró bí ẹni pé òun ni ẹni kejì, tí yóò sì máa dáhùn bí wọ́n ti kọ́ ọ.

Arọ́pò wúlò gan-an, nítorí pé ó mú ìdánwò yá, ó sì lè ṣe bí ẹni kejì tí ara rẹ̀ kò dá, kí wọ́n lè rí ohun tí ètò yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìkan ni ó mọ̀. Bí òǹkọ̀wé bá ṣi ẹni kejì gbọ́, arọ́pò rẹ̀ yóò ṣì í gbọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyẹn ni pé ètò náà ti padà sí ipò ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí tí máàkì rẹ̀ kéré jù ní ìpàdé Bake Off. Ohun tí ó lè ti inú àlàfo yìí jáde hàn kedere ní ọdún 1999.

4.0 Ọkọ̀ Máàsì, 1998 sí 1999

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1998, NASA, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, rán ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Mars Climate Orbiter láti Cape Canaveral lọ sí Máàsì. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yí Máàsì po, kí ó sì máa ṣe àkíyèsí ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Lockheed Martin ní Denver ni ó kọ́ ọ. Àwọn tí ń ṣírò ipa ọ̀nà rẹ̀ wà ní Jet Propulsion Laboratory ní Pasadena.

Ọkọ̀ náà ní àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí ń yí nínú rẹ̀, èyí tí ó fi ń mú ìdúró ara rẹ̀ tọ́. Bí eré àwọn kẹ̀kẹ́ náà bá ti pọ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ tí ń fi agbára gáàsì ti ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀ láti dẹ eré wọn. Títì kọ̀ọ̀kan a máa yẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà díẹ̀. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni pátákó tí ń gba agbára oòrùn wà lára ọkọ̀ náà, títì yìí ń wáyé ní ìlọ́po 10 sí 14 ju bí wọ́n ti rò lọ. Ètò kan tí ó wà lórí ilẹ̀, tí wọ́n pè ní SM_FORCES, ni ń ṣírò agbára títì kọ̀ọ̀kan, tí ń kọ ọ́ sínú fáìlì fún àwọn aṣírò ọ̀nà ní Pasadena. Ètò yìí àti fáìlì rẹ̀ ni alárinà láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ní àdéhùn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àdéhùn náà sọ pé Newton ni òṣùwọ̀n agbára tí fáìlì gbọ́dọ̀ lò. SM_FORCES lo pọ́n-ùn. Pọ́n-ùn kan jẹ́ Newton 4.45. Nítorí náà, títì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kà nínú fáìlì náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin bí ó ti rí gan-an.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ ìtàn fi ara balẹ̀ wò. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, àwọn aṣírò ọ̀nà kò lè lo fáìlì náà rárá, nítorí pé ìtò rẹ̀ kò bá èyí tí ètò tiwọn lè kà mu, dátà ìdúró ọkọ̀ inú rẹ̀ kò sì tọ̀nà. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà fi ń sọ àkókò títì kọ̀ọ̀kan fún wọn, tí àwọn fúnra wọn fi ń ṣírò ìyókù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999, wọ́n tún fáìlì náà ṣe. Ètò wá lè kà á. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ó ti hàn pé ìṣirò inú rẹ̀ kò fi gbogbo agbára títì náà hàn. Ṣùgbọ́n ìhà tí títì náà kọjú sí kò jẹ́ kí ó rọrùn láti rí i láti ayé wá, ìfura àwọn tí ó kíyè sí i kò sì gba ọ̀nà tí ìlànà iṣẹ́ là sílẹ̀ fún irú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tún ọ̀nà ọkọ̀ ṣe fún ìgbà ìkẹyìn, kí ó lè gba ibi tí ó ga tó kìlómítà 226 kọjá lórí Máàsì. Láàrin ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìṣirò tuntun sọ pé 150 sí 170 ni. Láàrin wákàtí 24 tí ó kẹ́yìn, ó ti di 110. Ní ọjọ́ 23, ọkọ̀ náà wọ ẹ̀yìn Máàsì ní ìṣẹ́jú àáyá 49 ṣáájú àkókò rẹ̀, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé kìlómítà 57 ni ó gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò lè là á já ní ibi tí kò bá ga tó 80.

Ìgbìmọ̀ tí Arthur Stephenson jẹ́ alága rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1999. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé kò jọ pé ẹnikẹ́ni ṣe ìdánwò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun tí ìbá fi ètò orí ilẹ̀ náà wé ìwé àdéhùn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìwé kò tó. Ẹgbẹ́ méjèèjì kò ṣaláìní àdéhùn, ohun tí ó ń bi àdéhùn náà léèrè ni wọn kò ní. Èkejì ni pé fáìlì kan náà ní àṣìṣe méjì, àyànmọ́ wọn kò sì dọ́gba. Àṣìṣe ìtò pariwo: ètò kọ̀ láti kà á, iṣẹ́ dúró, gbogbo ènìyàn sì mọ̀. Àṣìṣe òṣùwọ̀n kò sọ nǹkan kan, nítorí pé nọ́ńbà ni nọ́ńbà ń jẹ́ lójú ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ti Newton, ìbáà ṣe ti pọ́n-ùn. Kódà, títún àṣìṣe ìrísí ṣe ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àṣìṣe ìtumọ̀ láti wọlé.

5.0 Àdéhùn tí Ń Bi Ara Rẹ̀ Léèrè, 2006 sí 2020

Kò sí ìdí láti sọ pé àdánù ti Máàsì ni ó bí àwọn ìlànà tí ó tẹ̀ lé e. Ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn ń bá jìjàkadì. Ní ọdún 2006, Ian Robinson kọ̀wé lórí àdéhùn tí ẹni tí ń gba dátà ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó nílò. Ní ọdún 2013, ní ilé-iṣẹ́ realestate.com.au ní Ọsirélíà, wọ́n gbé Pact kalẹ̀, tí ó sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di ìdánwò. Ẹni tí ń gbà á yóò fi arọ́pò dán ètò tirẹ̀ wò. Àwọn ìbéèrè àti ìdáhùn tí arọ́pò lò yóò di àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá ẹni tí ń fúnni ní dátà, ẹ̀rọ yóò sì bi òun náà bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó ń dáhùn. Báyìí ni arọ́pò ṣe bọ́ nínú àbùkù rẹ̀ àtijọ́: ohun tí ẹnì kan fi kọ́ ọ, ẹni kejì ni yóò jẹ́rìí sí i.

Nínú iṣẹ́ alárinà dátà gan-an, ilé-iṣẹ́ Stitch gbé Singer jáde ní ọdún 2017. Singer pín alárinà sí ọ̀nà méjì, èyí tí ń fa dátà àti èyí tí ń gbà á, ó sì ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá kọjá láàrin wọn jẹ́ ọ̀kan nínú irú mẹ́ta: ìrísí dátà, dátà fúnra rẹ̀, àti ibi tí iṣẹ́ dé dúró. Ní ọdún 2020, Airbyte tẹ̀lé irú ọ̀nà yìí. Gbogbo alárinà tirẹ̀ tí ń fa dátà gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ó nílò, kí ó yẹ ìsopọ̀ wò, kí ó ka ohun tí ó wà lọ́hùn-ún, kí ó sì fa dátà wá. Nítorí pé àṣẹ wọn bára mu, ìdánwò kan náà lè yẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún alárinà wò. Ìdánwò náà yóò bèèrè bóyá dátà tí ó wá bá ìrísí tí alárinà ṣèlérí mu. Yóò fa dátà kan náà lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá ìkejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Yóò tún béèrè bóyá alárinà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé dúró láìtún gbé ohun tí ó ti gbé.

6.0 Ọ̀rọ̀ Alárinà Àkànṣe

Gbogbo ìlọsíwájú yìí ń ran alárinà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lọ́wọ́ ju alárinà àkànṣe lọ. Bí alárinà kan bá ní ẹgbẹ̀rún olùlò, bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá rí àṣìṣe rẹ̀, ẹni ìkẹwàá lè rí i. Alárinà àkànṣe ní olùlò kan ṣoṣo. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá rí àṣìṣe, kò sí ẹlòmíràn tí yóò rí i fún un. Ìgbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé ẹni kan náà ni ó kọ ọ́, tí ó kọ ìdánwò rẹ̀, tí ó sì kọ́ arọ́pò rẹ̀ ní ohun tí yóò sọ. SM_FORCES jẹ́ alárinà àkànṣe.

Ìdánwò tí ó yẹ irú alárinà bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti júwe. Kí wọ́n mú títì kan tí agbára rẹ̀ ti di mímọ̀, kí ẹni tí kò kọ ètò náà fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ ní òṣùwọ̀n tí ìwé àdéhùn sọ, kí wọ́n sì fi ohun tí ó jáde nínú fáìlì wé e. Nọ́ńbà méjèèjì ìbá yàtọ̀ ní ìlọ́po 4.45 ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣe é. Ẹ̀rọ lè máa ṣe ìfiwéra náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìdáhùn tí ó tọ̀nà wá láti ìta. Bákan náà ni ti owó: àròpọ̀ tí ó wà nínú ètò tí dátà ti wá gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àròpọ̀ tí ó wà nínú ètò tí ó gbà á, ìdánwò sì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà méjèèjì ní tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ alárinà fúnra rẹ̀. Kò sí ìdájọ́ tí ó tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́jọ́ nìkan ni ẹlẹ́rìí.

7.0 Ìkádìí

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ̀ wá sílẹ̀ kò lọ tààrà. Ní àwọn ìpàdé Bake Off, ẹgbẹ́ méjì ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rántí. Nígbà tí JUnit dé, ẹ̀rọ rántí, ṣùgbọ́n ẹni kejì kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìlànà tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 2006 ń gbìyànjú láti kó méjèèjì pọ̀, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ àti ẹ̀rí ẹni kejì. Nípa ìrísí dátà, wọ́n ti ṣe é dé ìwọ̀n gíga. Nípa ìtumọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù, nítorí pé ẹ̀rọ kò lè béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ láti béèrè. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣe alárinà fún ara rẹ̀, tí ìdánwò rẹ̀ sì ń yege lójoojúmọ́, gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ìdáhùn tí ìdánwò náà gbára lé ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé inú alárinà kan náà ni ó ti wá, ìdánwò náà kò tí ì bẹ̀rẹ̀.